Ife Bíà Tí Mo Gbé fún Ìyá Precious

Ẹ̀yin ará, ẹ gbé ife yín sílẹ̀ ná. Mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ kí n tọ́ gbogbo bíà tó wà nílẹ̀ yìí wò, kí n sì sọ èyí tó mókè nínú ọkà tí ẹ fi pọn ọ́n. Mi ò ní tọ́ ọ wò. Kí ẹ tó fi ahọ́n mi ṣe adájọ́ yín lónìí, ó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ mọ irú ahọ́n tó jẹ́. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tí mo fi ẹ̀rín bò, tí mo fi ipò àgbà bò, ó sì ti tó àkókò kí ó jáde síta. Kò sí dókítà kankan tó sọ fún mi pé mo fẹ́ kú o. Ẹ̀jẹ̀ mi ò ru ju ti ẹni ọjọ́ orí mi lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá ti ń fajúro kí ó lè bá mi sunkún, kí ó dákun, mi ò fẹ́. Ohun tí mo ṣe ni mo fẹ́ sọ, bí mo ṣe ṣe é gan-an.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹgbẹ́ apọntí yìí lè má mọ Leah Oríọlá. Ìyá Precious là ń pè é. Ọmọ Oǹdó pọ́ńbélé ni, ibẹ̀ náà ló ń gbé, ó sì kọ́ni ní bàọ́lọ́jì níbẹ̀ títí tó fi fẹ̀yìn tì. Kọ́lẹ́ẹ̀jì kan náà lèmi àti òun ti kàwé, mo kàn ṣíwájú rẹ̀ ni, ìdí nìyẹn tó fi ń pe èmi Gbémiga ní Ẹ̀gbọ́n. Èmi kọ́ àwọn ọmọ ní kẹ́mísìrì, òun kọ́ wọn ní bàọ́lọ́jì, a sì máa ń bá ara wa jiyàn bí ẹni tí wọ́n ń sanwó fún. Lẹ́yìn ilé rẹ̀ ló ti máa ń ṣe mọ́ọ̀tì. Ìyàwó Bọ́láwálé wà láàárín wa, kì í pọntí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n là á yé e. Ẹni tó bá fẹ́ pọn bíà kò lè fi ọkà lásán pọn ọ́n. Á kọ́kọ́ rẹ ọkà náà sómi, á tẹ́ ẹ sílẹ̀ kí ó hù díẹ̀, á sá a gbẹ kí ó má bàa dàgbà jù, á sì gbo gbòǹgbò tó yọ kúrò lára rẹ̀. Èyí tó gbẹ yẹn ni mọ́ọ̀tì. Òun ló ń fún bíà ní adùn, òun ló ń fún un ní àwọ̀. Ti òyìnbó, ọkà bálì ni wọ́n fi ń ṣe é. Ti Ìyá Precious, ọkà bàbà ni. Àwọn ìyá ọlọ́mọ ló ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ fún ògì ọmọ wọn. Èmi ni mo sọ fún un pé kí ó jẹ́ ká fi pọn bíà wò. Ẹ gbọ́ o, èmi fúnra mi.

Ìyá Precious kì í mu ọtí. Kì í ṣe pé kò fẹ́ràn rẹ̀. Nígbà tí a wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, kò sí ọkùnrin tó lè jókòó ti bíà tútù bíi tirẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Precious wà lọ́mọ ọwọ́, àìsàn kan kọlù ú débi pé àwọn nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í yẹra fún ojú ìyá rẹ̀. Leah kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ọmọ náà, ó ní, “Olúwa, bí o bá dá ọmọ yìí sí fún mi, ọtí ò ní kan ẹnu mi mọ́ láé.” Ọmọ náà yè. Leah náà sì pa ẹ̀jẹ́ rẹ̀ mọ́. Kódà ní ṣọ́ọ̀ṣì, bí wọ́n bá ń jẹ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa, àkàrà nìkan ló ń gbà, kì í gba ife, àlùfáà wọn sì mọ̀ sí i. Nígbà tí mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé irú ẹlẹ́jẹ̀ẹ́ wo ló wá ń ṣe mọ́ọ̀tì, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, mo sọ fún Ọlọ́run pé mi ò ní mu ún. Mi ò sọ fún un pé mi ò ní ṣe é.” Ó wá ní, “Ẹ̀yin lẹ máa bá mi tọ́ ọ wò. Bó bá dùn, ẹ ní ó dùn. Bí kò bá dùn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pọ́n mi lé.” Mo ní kò burú. Tẹ̀rín-tọ̀yàyà ni mo fi gbà bẹ́ẹ̀.

Kìtán ló dá a lábàá pé ká fi mọ́ọ̀tì wé mọ́ọ̀tì. Ọ̀rẹ́ mi ni Kìtán, òṣìṣẹ́ ìjọba ni ní Alágbàká nígbà náà, èmi àti òun la dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé mi ní Ijapo, ní Àkúrẹ́ níbí. Ìkòkò kékeré-kékeré la fi ń ṣe é, torí bó bá bàjẹ́, ohun tí a ó dà nù kò ní pọ̀. Omi kan náà, ìwúkàrà kan náà, iná kan náà, họ́ọ̀pù kan náà, ìyẹn òdòdó kíkorò tí wọ́n ń sè mọ́ bíà. Mọ́ọ̀tì nìkan ló yàtọ̀. Tèmi ni bálì tó ti òkè òkun wá. Ti Kìtán ni àgbàdo tó fúnra rẹ̀ mú hù. Ti Ìyá Precious ni ọkà bàbà. Bí bíà kan bá wá yàtọ̀ sí èkejì, a mọ ibi tí ìyàtọ̀ ti wá. Iṣẹ́ tó mọ́ ni, èmi ni mo sì fi kọ́ wọn. Ṣùgbọ́n kí a tó bẹ̀rẹ̀ rárá ni mo ti sọ ọ́ níwájú ọ̀pọ̀ nínú yín, tí mo tún lọ sọ ọ́ lórí rédíò, pé ọkà bàbà kò lè dá ṣe bíà gidi láìsí bálì nínú rẹ̀. Mo sọ ọ́ bí ẹni tó ti dán an wò. Mi ò dán an wò rí. Inú ìwé ni mo ti kà á.

Nígbà tí bíà àkọ́kọ́ tó mu, mo kọ́kọ́ tọ́ ti Kìtán wò. Ó ṣeé mu, bí òùngbẹ bá ń gbẹ ènìyàn gan-an. Ti bálì dára, mo mọ̀ pé yóò dára. Mo wá ṣí ti Ìyá Precious. Mo mu ún, mo dúró. Mo tún bu òmíràn. Mo jókòó. Ó rọra dùn, ó ní òórùn ọkà tí wọ́n yan díẹ̀, kò lẹ̀ mọ́ ahọ́n, ó sì mọ́ lọ́fun. Ẹ̀yin ará, ó dára ju tèmi lọ, kì í sì í ṣe díẹ̀. Inú mi bàjẹ́. Ìlara ni, mi ò ní orúkọ mìíràn fún un. Kí ife náà tó tán ni fóònù mi dún. “Ẹ̀gbọ́n, báwo ni?” Mo ní, “Ìyá Precious, ó ń gbìyànjú.” Ó ní, “Kí ló kù níbẹ̀?” Mo ní, “Ó ń korò lọ́nà ọ̀fun. Bóyá ẹ ò gbo gbòǹgbò rẹ̀ dáadáa.” Irọ́ ni. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó sì padà lọ gbo ọkà tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bá a lọ. Bí mo bá ní ó gbẹ jù, á dín oòrùn rẹ̀ kù. Bí mo bá ní kò gbẹ tó, á tún sá a. Síbẹ̀ gbogbo ìkòkò tí a bá fi mọ́ọ̀tì Oǹdó pọn ló ń dára, torí ọwọ́ obìnrin náà dá ṣáṣá ju kí irọ́ mi bà á jẹ́ lọ. Kìtán pàápàá sọ ọ́ lọ́jọ́ kan, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, èmi ò gbọ́ ìkorò kankan lẹ́nu o.” Mo ní ahọ́n rẹ̀ ò tíì dàgbà. Ẹ wo bí mo ṣe máa ń fi àgbà pa ọmọ ènìyàn lẹ́nu mọ́.

Ó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀, kí ó jẹ́ irọ́ lásán láàárín àgbàlagbà méjì. Bọ́láwálé ló sọ ọ́ di ńlá, kì í sì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Ó jókòó síbẹ̀ yẹn, ó ń wò mí. Bọ́láwálé fẹ́ máa pọn bíà tirẹ̀ fún ilé àlejò rẹ̀ ní Alágbàká. Ó ní òun máa wá tọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò, mọ́ọ̀tì tó bá mókè ni òun máa lò títí. Fún èmi, iyì lásán ló wà níbẹ̀. Fún Ìyá Precious, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ó ti ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó háyà yàrá ẹ̀yìn ilé rẹ̀ máa lọ, ó ti wó ògiri àárín kí ọkà lè rí ààyè, ó sì ti sọ fún gbogbo ẹni tó mọ̀ ní Oǹdó pé bíà kan ń bọ̀ tí wọ́n máa fi ọkà òun pọn. Ó pè mí. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ṣé kí n wá, àbí kí n má wulẹ̀ yọ ara mi lẹ́nu?” Mo ní, “Ẹ máa bọ̀.” Mo ti ro ọ̀rọ̀ yẹn títí, mi ò mọ ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀. Bóyá mo fẹ́ kí ó wà níbẹ̀ nígbà tí yóò bá já kulẹ̀.

Nígbà tí ọjọ́ ìtọ́wò kù bí ọ̀sẹ̀ kan, mo ra ṣẹ̀kẹ̀tẹ́, mo jẹ́ kí ó kan dáadáa. Mo ṣí kẹ́ẹ̀gì Ìyá Precious, mo da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìdí ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ náà sínú rẹ̀, mo sì dé e padà. Kò pọ̀. Kò sí ìdí tó fi gbọ́dọ̀ pọ̀, díẹ̀ ti tó láti mú kí gbogbo rẹ̀ kan kí ọ̀sẹ̀ náà tó pé. Bí mo ṣe gbójú sókè, Kìtán ni mo rí lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó mú bọ̀ọ̀lì dání. Ó wo ike ọwọ́ mi, ó wo kẹ́ẹ̀gì, ó wò mí. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, mi ò rí nǹkan kan o.” A jọ jẹ bọ̀ọ̀lì náà. Ohun kan tún wà tí Kìtán ò rí lóòótọ́. Kí n tó da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yẹn síbẹ̀, mo ti bu bíà tó mọ́ láti inú kẹ́ẹ̀gì náà sínú ìgò kan, mo sì gbé e pamọ́ sí fíríìjì. Ẹ bi mí pé kí ló dé. Torí pé ó dùn ni. Mo fẹ́ ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́, mi ò sì fẹ́ kí bíà ṣòfò.

Ọjọ́ náà pé. Ìyá Precious wọ ọkọ̀ láti Oǹdó. Aṣọ tó máa ń wọ̀ lọ sí ìpàdé Ẹgbẹ́ Ìyá ló wọ̀, ó sì gbé àpò mọ́ọ̀tì kan wá kí Bọ́láwálé lè fọwọ́ kàn án. Inú pálọ̀ mi la jókòó sí, àwọn kan nínú yín wà níbẹ̀. Ẹ mọ àṣà wa: ẹni tó gbé ọtí sílẹ̀ ló ń kọ́kọ́ mu ún, kí ọkàn àlejò lè balẹ̀. Mo mu ti bálì. Kìtán mu ti àgbàdo. Ó wá kan ti ọkà bàbà, èmi ni mo ní láti mu ún fún un nítorí ẹ̀jẹ́ rẹ̀. Gbogbo ojú wà lára mi. Mo gbé e kan ẹnu, mo fajúro, mo tu ú. Lẹ́yìn ìyẹn, ta ni yóò tún fi inú kan mu ún? Bọ́láwálé tọ́ ọ wò, ó ní, “Háà! Èyí ti kan pátápátá.” Ẹnì kan ní kí a fi ṣe omikan, kí a fi rẹ àgbo ibà. Ẹ rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ìyá Precious dìde. Ó ní, “Kì í ṣe mọ́ọ̀tì. Mo mọ ọkà mi. Nǹkan kan ló wọ inú kẹ́ẹ̀gì.” Òótọ́ ọ̀rọ̀ ló sọ yẹn, kò tilẹ̀ rò ó pẹ́. Mo fi ohùn pẹ̀lẹ́ dá a lóhùn, ohùn tí mo fi máa ń bá akẹ́kọ̀ọ́ tó fìdí rẹmi sọ̀rọ̀. Mo ní, “Ìyá Precious, omi kan náà ni, ìwúkàrà kan náà ni, ọwọ́ kan náà ló pọn ọ́n. Ohun kan ṣoṣo tó yàtọ̀ ni ọkà.” Ó wo ojú gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó wá ní, “Ẹ bu ú fún mi.”

Kìtán ní, “Mà, ẹ̀jẹ́ yín ńkọ́?” Ó ní, “Ẹ bu ú fún mi. Mo fẹ́ mọ ohun tí mo ṣe.” Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà níwájú mi nígbà yẹn, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ojú ló ń kán mi. Mo lè sọ pé, rárá o, Ìyá Precious, ẹ má tìtorí bíà ba ẹ̀jẹ́ yín jẹ́. Mo lè jẹ́wọ́. Bí mo bá tilẹ̀ fẹ́ ṣèkà tí mo ṣì ní ojú àánú díẹ̀, fíríìjì wà lẹ́yìn mi, mo lè bu èyí tó mọ́ fún un, kí n purọ́ pé inú kẹ́ẹ̀gì mìíràn ló ti wá. Mo ro gbogbo rẹ̀, àyè sì wà láti rò ó. Mo gbé ife, mo bu bíà tí mo ti bà jẹ́ sínú rẹ̀, mo sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Ó dijú. Ètè rẹ̀ ń mì, mo rò pé àdúrà ló ń gbà. Ó mu ún. Kò tu ú bíi tèmi, ó gbé e mì. Ó dá ife padà fún mi, ó ní, “Òótọ́ lẹ sọ, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ ṣé.”

Bọ́láwálé mú bálì. Ìyá Precious gbé àpò mọ́ọ̀tì rẹ̀, ó padà sí Oǹdó. Nígbà tí gbogbo yín lọ tán, mo ṣí ìgò inú fíríìjì, mo sì fi ẹ̀pà mu bíà rẹ̀ tán. Mi ò ní purọ́ fún yín pé ẹ̀rí ọkàn jẹ́ kí ó korò lẹ́nu mi. Ẹ̀rí ọkàn kankan ò sí níbẹ̀ nígbà yẹn. Mo gbádùn rẹ̀.

Ó pa iṣẹ́ náà tì. Kò ṣe mọ́ọ̀tì mọ́, kódà fún ògì ọmọdé, torí ó ní bí òun bá lè ṣe ohun tó bàjẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí òun ò sì mọ̀, kí ni òun ti ń fún ọmọ ọlọ́mọ jẹ? Àwọn tó ń ta omi inú ọ̀rá ló háyà yàrá yẹn báyìí. Ní ti ẹ̀jẹ́, àlùfáà wọn gbàdúrà fún un, ó ní aláàánú ni Ọlọ́run. Ó ṣe àmín. Ṣùgbọ́n Kìtán sọ fún mi pé bí Precious kò bá gbé fóònù rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀kan, ìyá rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn aládùúgbò ọmọ náà n'Íbàdàn títí ẹnì kan á fi lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Kìtán ní, “Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ yìí ti ń kọjá tiwa o.” Mo ní kí ó fi mí lọ́rùn sílẹ̀. Nígbà tó ríṣẹ́ sí Àbújá, tó kó lọ, ara tù mí.

Ohun tó yí mi padà kéré. Ní oṣù tó kọjá, olùkọ́ kan tó jẹ́ ọ̀rẹ́ wa ń ṣe ìdúpẹ́ ìfẹ̀yìntì ní Oǹdó, mo lọ. Àga ẹ̀yìn Ìyá Precious ni mo bọ́ sí, kò rí mi. Ọmọbìnrin kan tó ń ṣe ọṣẹ tà ń ráhùn fún un pé gbogbo ènìyàn ló ń yin ọṣẹ òun, wọn ò sì padà wá rà á. Ìyá Precious ní, “Wá ẹni tó máa sọ òótọ́ fún ẹ, ọmọ mi. Èmi ní Ẹ̀gbọ́n kan ní Àkúrẹ́. Gbogbo ayé ló ń tàn mí nígbà tí mò ń ṣe mọ́ọ̀tì, òun nìkan ni kò tàn mí. Ojoojúmọ́ ni mò ń gbàdúrà fún un.” Wọ́n ti gbé ìrẹsì síwájú mi. Mo wò ó, mo dìde, mo wọ ọkọ̀. Mo mọ̀ pé mo ti gba iṣẹ́ rẹ̀ àti ẹ̀jẹ́ rẹ̀. Mi ò mọ̀ pé mo tún ń gba àdúrà rẹ̀ lé e. Ojú tì mí, ojú tì mí gan-an ni.

Lọ́jọ́ kejì mo padà lọ bá a nílé. Ó ń ṣa ẹ̀wà. Mo dọ̀bálẹ̀. Ó pariwo, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n! Ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ fẹ́ fi mí ṣe?” Mo wà nílẹ̀ níbẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀, títí dé orí ìgò inú fíríìjì, títí dé orí ẹ̀pà. Nígbà tí mo parí, kò tún sọ pé kí n dìde mọ́. Ó ń ṣa ẹ̀wà rẹ̀ lọ. Nígbà tó yá, ó ní, “Bí mo bá máa ba ẹ̀jẹ́ mi jẹ́, ṣé kò yẹ kó jẹ́ tèmi gan-an ni mo mu?” Mo ní, “Ìyá Precious, bíà yín dára. Ó dára ju tèmi lọ. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni mo ti mọ̀.” Mo rò pé ọ̀rọ̀ yẹn máa tù ú nínú, láti Àkúrẹ́ ni mo ti ń tún un sọ lẹ́nu nínú ọkọ̀. Ó gbé ojú sókè. Kò sunkún, kò bú mi. Ó fi èdè Oǹdó wí i, èdè tí kì í bá mi sọ: òun ti gbọ́, ṣùgbọ́n báwo ni òun ṣe máa mọ̀ pé òótọ́ ni mo ń sọ lónìí?

Ìbéèrè yẹn ni mi ò lè dáhùn, òun ló gbé mi wá síwájú yín. Bọ́láwálé, mo tàn ọ́, jọ̀ọ́, má bínú. Ẹ̀yin yòókù, mo fi yín ṣe ẹlẹ́rìí irọ́, ẹ forí jì mí bí ẹ bá lè ṣe é. Ẹ̀yin tí ẹ ṣì kéré, bí ẹnì kan bá ní kí ẹ bá òun tọ́ iṣẹ́ òun wò, tí ẹ sì mọ̀ pé ara yín ò ní gbà á bí tirẹ̀ bá dára ju tiyín lọ, ẹ sọ fún un pé kí ó wá ẹlòmíràn. Ní ti Ìyá Precious, mi ò lè bẹ̀ ẹ́ ju bí mo ṣe bẹ̀ ẹ́ lọ. Ohun kan ni mo fẹ́ tọrọ lọ́wọ́ yín. Kí ẹnì kan lọ sí Oǹdó, kí ó bẹ̀ ẹ́ kí ó tún mú ọkà bàbà hù, ìwọ̀n ìkòkò kékeré kan péré. Ẹ pọn ọ́n níbi tí ọwọ́ mi ò ti ní kàn án. Bó bá dára, ẹ sọ fún un. Bí kò bá dára, ẹ sọ fún un bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó mọ̀ pé èmi ni mo rán yín, torí bó bá gbọ́ orúkọ mi níbẹ̀, kò ní gbà yín gbọ́.